Lẹ́ńsì Tí Ìyá Mi Yàn

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ ilé bàbá mi ní Ajah lónìí, fọ́tò ìyá mi ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá. Fọ́tò náà tóbi, fírémù rẹ̀ ń dán, wọ́n sì gbé e kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń bá a. Obìnrin kan jókòó lórí àga nínú rẹ̀, ó ró aṣọ àrán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nínú bàtà funfun tí wọ́n rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Orí tó wà lórí ọrùn yẹn, orí ìyá mi ni. Èmi ni mo yà á. Láti ọrùn lọ sílẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Mi ò ní kánjú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú mi láti ọdún gbọọrọ wá, kò sí ibi tó ń sá lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́, nítorí àwọn tó mọ ìyá mi lójú ayé ti ń tán, àwọn tó kù sì ti gbà pé bó ṣe rí nìyẹn.

Jàbùtẹ̀ mú ìyá mi lẹ́sẹ̀ òsì kí wọ́n tó bí mi. Àwọn kan ní omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ló fà á, àwọn kan ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú láti orúnkún títí dé ọmọ ìka, awọ rẹ̀ le, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wọlé sínú ẹran. Ẹsẹ̀ yìí ló fi ń dúró ti ààrò ẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun náà ló fi pọ̀n mí dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ilẹ̀ ni í kọ́kọ́ wò. Á wo ẹsẹ̀ yẹn tán kó tó rántí pé ènìyàn ló gbé e dání, kó tó wá kí i.

Ìyàwó kejì ni. Ìyálé rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlájà láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé, kò bá a jà rí. Ìjà ìbá sàn. Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ lálẹ́, Àlájà á gbé ìgbakọ dúró lókè, á ní, "Ìyàwó, ṣé kí n bu ti ẹsẹ̀ yẹn lọ́tọ̀ ni, àbí ẹ̀yin méjèèjì ẹ ó jẹ ẹ́ pọ̀?"

Agbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyálé mi, ẹ bù ú pọ̀, a jọ ń gbé ni."

Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Àbúrò rẹ̀ ló di olórí ẹbí, òun ló sì ń bójú tó ilẹ̀ wa, nítorí onílẹ̀ ni wá ní ìlú yẹn. Nígbà náà ilẹ̀ wa kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni, iyanrìn àti igi àgbọn ni. Títì ọlọ́dà kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó, àfi ẹni tó bá ní sùúrù láti jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bá iyanrìn wọ̀yá ìjà láti Màrókò wá.

Mo kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ọ̀gá mi fún mi ní òmìnira, mo padà sílé, mo fi pákó kan ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá èbúté. Bí a ṣe ń ya àgbàlagbà láyé ìgbà náà ní ìlànà tirẹ̀. Á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, kí ìka pé. Ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú bàtà. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi lè yọ jáde kúrò nínú fọ́tò, wọn á dá a padà fún ẹ, wọn á bi ẹ́ pé ṣé ẹsẹ̀ bàbá àwọn lo gé ni. Fọ́tò tó bá jẹ́ orí àti èjìká nìkan, páásípọ́ọ̀tù là ń pè é. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba, tàbí ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ló ń ya irú ẹ̀. Àgbàlagbà kì í fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ de ọmọ.

Torí náà, ìyá mi kò ní fọ́tò kankan. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹbí jáde wá ya fọ́tò ọdún Iléyá, á ní ẹja òun wà lórí iná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èéfín ẹja ṣì wà lára rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ní, "Yà mí."

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú aṣọ wá."

Ó ní, "Ojú mi ò nílò aṣọ. Ojú mi nìkan ni kí o yà."

Mo ní, "Páásípọ́ọ̀tù? Ṣé ẹ̀ ń lọ ibì kan ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yín, kò sí ẹni tó wo ojú mi kó tó wo ilẹ̀. Bàbá rẹ gan-an, ìgbà tó ń ṣàìsàn, tí kò lè dìde, ló tó mọ̀ pé mo ní ilà lójú. Bí mo bá kú, mo fẹ́ kí ẹ gbé ojú mi kọ́ sí pálọ̀ yẹn. Kí ẹ má gbé nǹkan mìíràn tí wọ́n lè máa wò sí i."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé kámẹ́rà.

Lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà ni èyí tó bá kámẹ́rà wá. Ó dára fún ẹni tó jókòó, ó dára fún ẹni tó dúró, ó dára fún èrò púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí ojú nìkan kún fọ́tò, o gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹni náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi máa gbọ́ èémí ara yín. Ohun tó bá sì sún mọ́ lẹ́ńsì jù ni yóò tóbi jù. Imú ló ṣíwájú lójú ènìyàn, imú á wú. Etí wà lẹ́yìn, etí á sá wọlé. Mo fọ fọ́tò náà, mo sá a, mo gbé e fún un. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ti gbé ẹsẹ̀ mi sí imú."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́ńsì mìíràn wà tó gùn ju èyí lọ, èyí tí ayàwòrán lè fi dúró lọ́ọ̀ọ́kán kó sì mú ojú bó ṣe wà gan-an. Mo ní ọkùnrin kan ń ta àlòkù irú rẹ̀ ní Èkó.

Ó ní, "Ìgbà wo la ń lọ?"

Mo ní kó jókòó sílé, pé ọ̀nà jìn. Ó ní ojú tí wọ́n fẹ́ fi wo òun, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó.

A wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ kùtù. Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń wo aṣọ náà. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn, ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyá mi gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ó wá ní, "Ìyá, ẹ wá ibi jókòó níta, a ò ní í pẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

Ìyá mi ní, "Ojú ta ni wọ́n fẹ́ fi yà?"

Ọkùnrin náà ní, "Tiyín, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbé e fún mi nígbà náà, kí n wò ó kó tó wò mí."

Ó kọ́kọ́ gbé èyí tó fẹjú jù sí kámẹ́rà mi. Ìyá mi gbé e sójú, ó di ojú kejì, ó kọjú sí mi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Mo rí ẹ. Mo rí ilẹ̀kùn. Mo rí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lódìkejì títì. Mo rí bàtà rẹ, ó gùn bí ọkọ̀ tí a wọ̀ wá. Wọ̀bìà lèyí. Ẹ gbé e kúrò."

Ọkùnrin náà gbé èyí tó gùn jù lọ sí i. Ó wúwo, ọwọ́ méjèèjì ni ìyá mi fi gbé e. Ó ní òun ò rí ju imú mi àti ètè kan lọ, gbogbo rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá yìí ò ṣeé tan o."

Èyí tó wà láàárín ló gbé sí i gbẹ̀yìn. Ìyá mi gbé e sójú. Ó wò mí títí ojú fi ń tì mí, mo tẹ orí ba.

Ó ní, "Gbé orí sókè."

Mo gbé e sókè.

Ó ní, "O ti ń rù. O jọ bàbá rẹ lẹ́nu." Ó gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "Èyí ni. Èyí mọ ohun tó ń wò."

Ọkùnrin náà ní, "Ṣùgbọ́n kò ní í lè ya gbogbo ara nínú ṣọ́ọ̀bù o, Ìyá. Àfi kí ọmọ yín máa fẹ̀yìn rìn títí yóò fi bọ́ sínú ọ̀sà."

Ìyá mi ní, "Ṣé ẹ wá rí i pé òun ni mo ń wá."

Mo ta kẹ̀kẹ́ mi kí n tó lè padà lọ gbé e.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò gba lẹ́ńsì náà, lóòótọ́. Mo ní kí ìyá mi jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi sì bọ́ sójú ọ̀nà, àwọn èrò èbúté ń gba ẹ̀yìn mi kọjá. Iyanrìn wa nígbà náà funfun bí iyọ̀. Oòrùn bà lé e, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ dìde wá sábẹ́ àgbọ̀n ìyá mi, ó ń nu òjìji kúrò níbi tí ojú rẹ̀ ti jìn. Mo ṣí lẹ́ńsì dáadáa, mo yí i títí ẹyinjú rẹ̀ fi mú. Àwọn igi àgbọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn rẹ̀ yọ́, wọ́n di bí èéfín.

Ibẹ̀ la wà tí Àlájà fi ń bọ̀ láti ọjà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó, o ò ní na ẹsẹ̀ yẹn jáde kí wọ́n yà á? Òun mà ni àgbà yín."

Àwọn tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Kò wo Àlájà, kò wo ilẹ̀, inú lẹ́ńsì ló ń wò. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wà lójú rẹ̀ nínú fọ́tò yẹn, mi ò tí ì rí i lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìbínú. Ó jọ ojú ẹni tí wọ́n ti ń pè láti ọ̀nà jíjìn, tó wá yíjú padà níkẹyìn láti wo ẹni tó ń pè é. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn ketekete. Nígbà tí mo fún un, ó fi aṣọ orí rẹ̀ nu ún bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà."

Ó mú un lọ bá olórí ẹbí. Mo wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, èyí ni kí ẹ gbé kọ́ lọ́jọ́ tí mo bá lọ."

Àbúrò bàbá mi fi ìka méjì gbà á, ó wò ó fìrí, ó dá a padà. Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló ní o ń lọ síbì kan? Ta ni yóò máa yan ẹja fún wa?"

Ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Ibà ló pa á, kì í ṣe ẹsẹ̀. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, olórí ẹbí pe ìpàdé, mo sì gbé fọ́tò náà wá, mo ti sọ ọ́ di ńlá, mo ti fi fírémù sí i. Mo gbé e ti ògiri, mo jókòó.

Àǹtí bàbá mi kan ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?"

Olórí ẹbí ní, "Páásípọ́ọ̀tù lèyí. Ṣé Mẹ́kà ló kú tó fẹ́ lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín níṣojú rẹ̀, nítorí ó ń wò wọ́n.

Mo ní, "Bàbá, ẹ rántí pé ó mú un wá bá yín. Ó sọ fún yín."

Ó ní, "Mo rántí. Ẹni tó ń ṣeré ni mo pè é. Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Àwọn ènìyàn ńlá ti ń wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa báyìí. Lọ́yà ń wọ pálọ̀ yìí, ọ̀gá bánkì ń wọ̀ ọ́. Bàbá rẹ wà lógiri, ara rẹ̀ pé. Bàbá wa wà níbẹ̀, ara rẹ̀ pé. Ṣé kí wọ́n wá ní a gé orí ìyàwó wa gbé kọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Lọ wá ara fún un."

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́, gbogbo wa tó ń ya fọ́tò la mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá kú láìní ju páásípọ́ọ̀tù lọ, wọn á gé orí rẹ̀ nínú fọ́tò, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹlòmíràn tó wọṣọ dáadáa, wọn á fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tó so pọ̀, wọn á wá ya fọ́tò rẹ̀ padà. Mo ti ṣe é fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì súre fún mi.

Mo ní, "Bàbá, mi ò ní ara tí mo lè fún un. Èyí tó ní, ẹ ò fẹ́ ẹ nígbà tó wà láyé. Òun náà kò sì ní kí n wá òmíràn."

Ó ní, "Ó dáa. Ìwọ nìkan kọ́ ló ní kámẹ́rà."

Àlájà ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ mú tèmi. Fọ́tò tí mo yà nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé, èyí tí mo fi wọ àrán. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi lọ. Ẹ jẹ́ kó lo tèmi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Àlájà. Ọkàn yín mọ́." Àǹtí bàbá mi fi aṣọ nu ojú fún un. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìtanràn ló fẹ́ san tàbí ó fẹ́ jókòó lé ìyá mi lórí títí láé. Ó lè jẹ́ pé òun náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá mi kò tọrọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n wo ojú òun. Nínú yàrá tó kún fún ẹbí, kò sí ẹni tó rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Mo dìde. Mi ò rántí gbé fọ́tò mi dání, òun ni wọ́n sì gbé lọ bá ayàwòrán kan ní Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí mo dé àdúrà ogójì ọjọ́, ó ti wà lórí ògiri. Ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́. Ojú àlejò kò lè rí ibi tí abẹ ti kọjá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ojú tèmi rí i. Lẹ́ńsì tí ìyá mi yàn ni mo fi ya ojú rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, ó dákẹ́. Ẹni tó ya Àlájà ní tirẹ̀, lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá ló lò, inú yàrá kótópó ló sì wà, ó sún mọ́ ọn. Ohun tó bá ṣíwájú ló ń tóbi. Ẹsẹ̀ ló ṣíwájú. Bàtà funfun méjèèjì yọ síta bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jáde nínú fírémù, orí ìyá mi sì wà lókè lọ́hùn-ún, ó kéré, ó jọ ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ojú kan náà ni, tí kò wo Àlájà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ó wá ń ti orí ara Àlájà wo èrò.

Olórí ẹbí fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ó pé."

Mo ti kúrò ní Ajah. Inú fúláàtì kan ní Jákàńdè, Ìlàsàn, ni mò ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá ya fọ́tò. Nẹ́gátíìfù ìyá mi wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́ńsì rẹ̀ náà wà. Páásípọ́ọ̀tù ni mò ń fi yà.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ọmọ olórí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó ni. Wọ́n mú ọmọbìnrin náà wọ pálọ̀ kó wá kí àwọn ìyá ọkọ rẹ̀, òkú àti alààyè. Àlájà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ fọ́tò náà gan-an. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí i, ó tún kúnlẹ̀ kí ògiri. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì dúró níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti ń dúró.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ wọn mà dára o. Bàtà yẹn bá wọn mu."

Ẹnìkan nínú yàrá ní, "Àmín, kí Ọlọ́run fún ìwọ náà nírú ẹ̀."

Àlájà wò mí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé díẹ̀díẹ̀, ó fi ìró bò wọ́n.

Mo sọ fún ìyàwó pé, "Wo ojú wọn."

Ó gbé orí sókè, ó ní, "Mo ti rí i, sà." Ojú rẹ̀ sì tún sọ̀ kalẹ̀.